Bọ́gà Tí Mo Dá Ẹjọ́ Ikú Fún

Ẹ sinmi ariwo díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ ilé wa. Òjò tó ká wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà ọdẹ yìí kò tíì ṣetán àti lọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ sì ń fà mọ́ ara yín lọ́wọ́ láti ìyálẹ̀ta, mo mọ ibi tó ń lọ. Ọláìtán ní bọ́gà ilé-oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkì ló dùn jù láyé. Mọ́rẹ́nikẹ́ ní ahọ́n Ọláìtán ti kú, pé ti ilé-oúnjẹ ìkóríta ni ọ̀gá. Ẹ ń jà bí ẹni ń pín oko bàbá, bọ́gà sì ń tutù lọ́wọ́ yín. Nígbà tó sú yín, Ọláìtán kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ahọ́n kan ẹran kí ẹ sọ igbó tó ti jẹko, ẹ bù lára méjèèjì, ẹ dá wa lẹ́jọ́."

Ọmọ mi, mo ti dá ẹjọ́ yẹn rí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò dá lé ìjàpá, kò sì dá lé ọba kan láyé àtijọ́. Orí ahọ́n mi ló dá lé, ibi tó sì já sí kò dára. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀rín kò pọ̀ níwájú.

Èmi ni Ọdẹ́sànmí, ọmọ Ọdẹ́gbàmí. Mo pa ẹfọ̀n kan rí tí àwọn ẹfọ̀n yòókù wá kí mi pé mo káre. Bí ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ lọ bi àwọn ẹfọ̀n náà. Bí ẹ bá sun ẹran mẹ́wàá kí ẹ sì fi aṣọ di ojú mi, n ó sọ èyí tó ń mu odò nínú wọn àti èyí tó ń lá ìrì. Baálẹ̀ mẹ́ta ló ti ránṣẹ́ pè mí láti wá tọ́ ọbẹ̀ wò kí àlejò wọn tó dé. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀bùn kì í yan ọlọ́gbọ́n. A máa wọ ilé òmùgọ̀ náà, a sì máa sùn níbẹ̀.

Òfin méjì ni a fi ń mọ ọdẹ ní ìdílé wa. Èkíní, ọdẹ kì í jẹ ẹran tí kò mọ ikú tó pa á. Èkejì, ọdẹ tó bá ti gbé ìbọn kọ́ èjìká kì í béèrè lọ́wọ́ ará ilé bí ẹran tó ń lọ wá ṣe rí. Ọdẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin méjèèjì dára fún igbó. Èmi ni mo gbé wọn wọ inú yàrá aláìsàn.

Mo ní ọmọbìnrin kan, Ìbíwùmí, òun nìkan ni Ọlọ́run fún èmi àti Àyọ̀ká ìyàwó mi. Ìlú ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan ó wá kí wa, ó sì mú bọ́gà méjì wá nínú bébà, ọ̀kan fún ìyá rẹ̀, ọ̀kan fún mi. Mo wò ó, mo yí imú.

Mo ní, "Màlúù wo nìyí? Ta ló pa á? Ṣé ọ̀bẹ ni àbí àìsàn?"

Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ṣáà jẹ ẹ́. Màlúù náà ti dárí jì wọ́n."

N kò jẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀ jẹ tirẹ̀, ó sì jẹ tèmi mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀, ó di ojú, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń kì ní oríkì. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú, Ìbíwùmí wọ ọkọ̀ padà sí ìlú ńlá. Ọkọ̀ náà kò dé.

Ẹ jẹ́ kí n sáré kọjá ibẹ̀ yẹn.

Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni ẹnu Àyọ̀ká ti pa dé. A po ẹ̀kọ fún un, kò mu. Mo pa òyà, mo pa ẹtu, mo pa àparò tó sanra tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló ń fi rìn nítorí fífò ti sú u. Àyọ̀ká wò wọ́n, ó kọ ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, nígbà tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, ó pè mí.

Ó ní, "Bàbá Ìbíwùmí, ohun kan ṣoṣo ló lè gba ọ̀fun mi kọjá. Bọ́gà tí ọmọ yẹn mú wá. Bí mo bá rí i jẹ, bóyá n ó dìde." Ó gbé ọwọ́, ó ń na ọwọ́ náà lọ sí abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i.

Èmi ti dìde. Mo ní, "Dákẹ́, má lo agbára rẹ. Ṣé èmi ni wọ́n ń ṣe àpèjúwe ẹran fún?" Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo jáde.

Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo mọ òwe náà. Èmi náà ni mo máa ń pa á fún àwọn ẹlòmíràn. Ohun tí mo rò lọ́kàn ni pé aláìsàn kì í ṣe ojúkòkòrò ohun tí kò dùn. Bí mo bá ti rí bọ́gà tó dùn jù lọ, èyí tí Àyọ̀ká ń fẹ́ nìyẹn. Ahọ́n tí baálẹ̀ mẹ́ta ń ránṣẹ́ pè, ta ni yóò tún bi léèrè?

Ẹ̀yin rò pé inú ìlú ni bọ́gà ti ń wá. Àwọn ilé-oúnjẹ tí ẹ ń rí nílùú, tí àmì wọn bára mu ní ìkóríta gbogbo, ẹ̀ka lásán ni wọ́n. Gbòǹgbò wọn wà ní Ilẹ̀ Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta, lẹ́yìn Igbó Ìtò, ibi tí ọmọ aráyé kì í dé. Ibẹ̀ ni mo kọrí sí.

Igbó Ìtò kò ní ẹranko kankan. Iwin ló kún ibẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn láti ẹ̀bá odò títí dé orí òkè, ewédú ti hù sí èjìká àwọn mìíràn, ẹyẹ ti yé ẹyin sórí àwọn mìíràn. Mo bi ọ̀kan tó ní ojú kan ní ìpàkọ́ pé, "Kí ni ẹ tò fún?"

Ó ní, "A kò mọ̀. A bá àwọn tó tò níwájú ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí igi tó wà níwájú mi yìí ti jẹ́ èèyàn."

Mo wo igi náà, mo rí i pé ó wọ bàtà. Ẹ̀rù bà mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ dúró ní ẹ̀yìn wọn, n ó ta gbòǹgbò kí ìyàwó mi tó rí oúnjẹ jẹ. Mo fi ọwọ́ yí ẹnu ká, mo kígbe pé ìtò kan wà lódìkejì òkè tó kúrú ju èyí lọ. Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ mì. Gbogbo wọn ya lọ bí eṣú, èyí tó ti di igi náà fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, ó ń wọ́ ọ lọ. Mo rìn kọjá ní àárín igbó tó ṣófo, mo ń fọn fèrè. Ẹ wo irú orí tí mo ní nígbà náà. Kí ló dé tí n kò lò ó nílé?

Ní ẹnu bodè, mo bá ìyá arúgbó kan tó ní ẹnu mẹ́ta. Ẹnu kan ń jẹun, ẹnu kan ń sọ̀rọ̀, ẹnu kẹta wà ní pípadé. Òun ni Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta tó ni ilẹ̀ náà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ọdẹ, kí lò ń wá?"

Mo ní, "Bọ́gà tó dùn jù lọ ni, ìyá. Ìyàwó mi ń kú lọ, òun ló ní kí n mú un wá."

"Èyí tó dùn jù lọ ló ní kí o mú wá?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Òun náà ni."

"Bí o bá rí i, wàá mọ̀ ọ́n?"

Mo ní, "Bí mo ṣe mọ ọwọ́ ara mi."

Nígbà náà ni ẹnu kẹta yà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ata ló ta á.

Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta ní, "Ó dára. Ilé mẹ́ta ló ń ṣe bọ́gà ní ilẹ̀ mi, kò sì sí ẹni tó ti tọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò rí, nítorí ẹni tó bá ti fẹ́ràn ọ̀kan a máa bú méjì yòókù láìjẹ. Ìwọ ni kí o ṣe adájọ́. Àmọ́ gbọ́ òfin ibí. Èyí tí o bá yìn yóò wà. Èyí tí o bá gàn, gbòǹgbò rẹ̀ yóò gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ yóò sì gbẹ níbikíbi tó bá wà láyé. Má fi ẹnu sọ ohun tí ẹsẹ̀ kò ní í lè lé bá."

Èmi, ọmọ Ọdẹ́gbàmí, gbọ́ pé wọ́n fi mí ṣe adájọ́. Ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́. Ìdajì kejì wọ etí mi nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ilé àkọ́kọ́ ni ilé Arẹwà-Níwájú. Iwin yìí, bí o bá wo iwájú rẹ̀, o kò ní í fẹ́ ṣẹ́jú. Bí ó bá yí ẹ̀yìn padà, ihò lásán ni, bí igi tí ikán ti jẹ tán. Ó ya àwòrán bọ́gà sára ògiri rẹ̀, àwòrán náà ga tó ilé alájà mẹ́rin, ewé inú rẹ̀ ń kán omi, ẹran rẹ̀ ń dán bí ẹṣin ọba. Àwọn èrò jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń tọ́ ògiri lá. Arẹwà-Níwájú ní òun kò ní í fún mi lóúnjẹ àfi bí mo bá já àlọ́ òun.

Ó ní, "Kí ló tóbi lójú, tó kéré lọ́wọ́, tí kò sí lẹ́nu?"

Mo ní, "Ìlérí."

Ó wò mí títí, ó fún mi ní bọ́gà. Mo ní láti wá a nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Búrẹ́dì rẹ̀ dà bí òwú tí wọ́n rẹ sínú omi, ẹran rẹ̀ kò ní igbó, kò ní odò, kò ní ìyá. Mo dìde níwájú gbogbo èrò, mo ní, "Ìròyìn kò tó àfojúbà, àmọ́ lónìí, ìròyìn ju àfojúbà lọ." Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó rín in tán, àwòrán ti ń ṣí kúrò lára ògiri, ògiri wó, Arẹwà-Níwájú sì yí ẹ̀yìn sí wa, ihò rẹ̀ gbé iwájú rẹ̀ mì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ọtí tó ń pani bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni bá wó ògiri. Mo tún fìlà mi dè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n gbé àga tẹ̀ lé lẹ́yìn.

Ilé kejì kì í ṣe ilé gan-an. Ibùdókọ̀ ni, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gígùn kan tí ọkọ̀ iwin ń gbà kọjá. Wọ́n kọ ọ́ sára pákó pé *Ẹ Jẹ Kí Ẹ Tó Lọ*, wọ́n sì ya ọwọ́ pupa kan sábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ gígùn tó nà jáde. Obìnrin iwin kan ló ń dín ẹran níbẹ̀ nínú èéfín. Apá ọ̀tún rẹ̀ gùn wọ́lẹ̀, nítorí ọdún tó ti fi ń na oúnjẹ sójú fèrèsé ọkọ̀ tó ti gbéra. Èrò kì í jókòó níbẹ̀. Wọn a gbà á, wọn a fi bébà wé e, wọn a sá wọ ọkọ̀.

Ó bù fún mi. Mo fi ẹnu kàn án. Etí ẹran náà ti jó. Àlùbọ́sà pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ, ó sì rí bí ìgbà tí ọmọdé bá se ọbẹ̀. Búrẹ́dì náà ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí n tó gbé e mì, mo gbọ́ tí àwọn èrò tó tẹ̀ lé mi láti ilé àkọ́kọ́ ń kùn pé, "Adájọ́ ti fẹ́ sọ̀rọ̀." Mo tu ú sílẹ̀.

Mo ní, "Mo ti jẹ bàtà tó dùn ju èyí lọ, bàtà náà sì ti rìn dé Ìlọrin."

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá ọdẹ, ẹ jọ̀wọ́. Tèmi kì í ṣe oúnjẹ àjókòójẹ. Ẹni tó ń lọ sílé ló ń rà á, ẹni tí wọ́n ń retí ló ń jẹ ẹ́. Ẹ wé e sínú bébà, ẹ rìn jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Etí mi gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ̀rín àwọn èrò ṣì ń dún lágbárí mi, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún èkejì rẹ̀. Mo na ìka sí búrẹ́dì tó tẹ́ náà, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gun un lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá yóò jinná."

Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Èmi tí n kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ọmọ mi, ọmọ tí ọkọ̀ gbé lọ.

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Iná obìnrin náà kú. Mo wo ọ̀nà gígùn yẹn, mo rí i tí iná àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ibùdókọ̀ sí ibùdókọ̀, títí ó fi kọjá ibi tí ojú mi mọ. Kò bú mi. Ó da epo nù, ó dojú agbada dé, ó ká apá gígùn rẹ̀ mọ́ra. Ó ní, "Ẹni tí yóò wá mi yóò wá mi." Ó wọ inú èéfín tó kù, n kò rí i mọ́.

Ilé kẹta ni Ààfin Ìtẹ́lọ́rùn. Ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ olórí mẹ́ta wà, wọ́n ń béèrè ìbéèrè. Ṣé kí a fi àlùbọ́sà sí i àbí kí a má fi sí i? Tútù àbí gbígbóná? Wàràkàṣì ńkọ́? Ṣé kó yọ́ àbí kó dúró? Tòmátì mélòó? Ṣé ó dá ọ lójú? Orí tabili gbogbo ni ìgò iyọ̀ àti ìgò ata wà, tó kún bí àgbàdo. Mo bi wọ́n pé kí nìdí tí ìgò fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn tó dáhùn pé "èyíkéyìí" ló di ìgò.

Mo fìdí kalẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọ̀ ni mo ń dáhùn, ẹnu mi kò gbọ̀n. N kò sọ "èyíkéyìí" lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí n kò bi ìyàwó mi ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mo dáhùn ọgọ́rùn-ún mẹ́fà nípa àlùbọ́sà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní í purọ́ fún yín: ó dùn. Búrẹ́dì rẹ̀ rọ̀, ó sì ní ìgbéraga díẹ̀ lára, bí ọmọge tó mọ̀ pé òun lẹ́wà. Ẹran rẹ̀ ní igbó. Mo di ojú, mo rí òkè, mo rí màlúù náà tó ń jẹ koríko ìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ apáta, mo mọ ọ̀bẹ tó pa á, mo mọ̀ pé ó mú. Òfin àkọ́kọ́ ìdílé wa, ó ṣẹ. Mo pariwo pé òun ni ọ̀gá, wọ́n lu àtẹ́wọ́, wọ́n fi mí jẹ Adájọ́ Ọ̀fun, wọ́n dé mi ní adé bébà pupa. Mo jẹ èkejì kí n lè rí i dájú. Mo jẹ ẹ̀kẹta nítorí pé wọ́n ń wò mí. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jókòó níbẹ̀ tí mo ń ṣàlàyé ahọ́n mi fún àwọn iwin, ìyàwó mi sì ń mu omi lásán nílé.

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo rò pé ọ̀fun tèmi nìkan ni òwe yẹn ń bá wí.

Ní ọjọ́ keje, mo gbọ́ ẹkún ẹnu kẹta Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta láti òkèèrè, ara mi sì bù máṣọ. Mo gba bọ́gà kan, mo fi ewé gbígbóná wé e, mo sáré. Òjò bá mi lọ́nà. Adé bébà náà yọ́ sí mi lórí, aró pupa rẹ̀ ṣàn wá sójú mi, sí àyà mi. Nígbà tí mo wọ àgbàlá, àwọn aládùúgbò rò pé ẹranko ló ya mí. Mo ní kí wọ́n má bẹ̀rù, oyè ni.

Àyọ̀ká gbọ́ ohùn mi, ó dìde jókòó. Ó dìde jókòó fúnra rẹ̀, ẹ gbọ́, ohun tí kò ṣe láti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó gba ewé náà lọ́wọ́ mi, ó tú u pẹ̀lú ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni ń tú ìgbànú ọmọ. Ó wò ó. Kò tọ́ ọ wò.

Ó ní, "Èyí ga."

Mo ní, "Ó ga, ó sì dùn. Òun ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ahọ́n tèmi ló yàn án."

Ó ní, "Ti Ìbíwùmí tẹ́. Ó ní èrò pọ̀ nínú ọkọ̀, orí itan ni òun gbé e lé, ẹni tó jókòó tì òun sì ń sùn lé e. Etí rẹ̀ jó. Àlùbọ́sà ibẹ̀ pọ̀ jù, mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún un, ó ní, 'Màmi, ibùdókọ̀ ni mo ti rà á, mo rò pé ọkọ̀ fẹ́ fi mí sílẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣáà di ohunkóhun fún ìyá mi.'" Ó mí. "Kò dùn tó bẹ́ẹ̀, Bàbá Ìbíwùmí. N kò sọ fún yín pé ó dùn."

Mo dúró bí igi Igbó Ìtò.

Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, ó fa bébà kan jáde tí ó ká ní ìká mẹ́rin, epo ti mu ún. Ó tẹ́ ẹ sórí itan. Ọwọ́ pupa gígùn kan wà lára rẹ̀ tó nà jáde.

Ó ní, "Mo fẹ́ fi hàn yín lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ ò bi mí."

Ẹ̀yin náà mọ òwe nípa Sókótó àti àpò ṣòkòtò. Ẹ má pa á fún mi.

Ó ní, "Ẹ rí ibi tí wọ́n ti ń tà á?"

Mo ní, "Mo rí i."

Ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà."

Mo padà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. N kò fọn fèrè. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gígùn yẹn, eérú ni mo bá, àti agbada tó dojú dé, àti pákó tí òjò ti fọ ọ̀rọ̀ kúrò lára rẹ̀. Mo pe obìnrin náà títí ohùn mi fi há. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n eérú bóyá n ó rí ẹyin iná kan. Mo gba ìlú ńlá lọ, mo yẹ ibùdókọ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Àwọn awakọ̀ ní àwọn kò gbọ́ orúkọ ilé-oúnjẹ bẹ́ẹ̀ rí. Mo padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta, mo wólẹ̀, mo fi orí gbo ilẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ jẹ́ kí ó gbéra padà, ọ̀kan péré."

Ó ní, "Mo bi ọ́."

Mo ní, "Ẹ bi mí, ìyá."

Ó ní, "Ẹnu mẹ́ta ni mo ní, kò sí èyí tó lè gbé ọ̀rọ̀ tìrẹ mì padà." Mo wo ẹnu kẹta. Òun náà ti pa dé. Ẹkún ti tán nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Àyọ̀ká kò lè dìde jókòó mọ́. Ó kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ rí i?"

Èmi tó pa ẹfọ̀n, tó tan gbogbo Igbó Ìtò jẹ, n kò rí òótọ́ kankan tó lè wọlé sí yàrá yẹn. Mo ní, "Wọ́n ń dín in lọ́wọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́la."

Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn kó jó díẹ̀."

Mo ní mo ti sọ fún wọn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó máa ń béèrè bóyá ó ti jinná, èmi a ní ó kù díẹ̀. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kò béèrè. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ọláìtán, gbé bọ́gà rẹ kúrò níwájú mi. N kò bínú sí ọ. Mọ́rẹ́nikẹ́, na ọwọ́ sí àpò ọdẹ mi tó kọ́ sẹ́yìn rẹ yẹn. Bébà kan wà nínú rẹ̀, rọra tú u. Ẹ rí ọwọ́ pupa náà? Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, àbí? Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ, bóyá imú mi yóò rí ohun tí ahọ́n mi sọ nù.

Nítorí ẹ gbọ́ ibi tó ń dùn mí jù. Nínú gbogbo ẹbí wa tó ṣẹ́kù láyé lónìí, kò sí ẹni tó ti fi ẹnu kan irú oúnjẹ ìkẹyìn tí ọmọ yẹn gbé wá fún ìyá rẹ̀, àfi èmi. Ó wọ ẹnu mi, ẹnu tó mọ ẹran tó ń lá ìrì. Bí Àyọ̀ká bá béèrè lọ́wọ́ mi níbi tó wà pé báwo ló ṣe rí lẹ́nu, n kò lè sọ. Ẹ̀rín àwọn èrò ni mo rántí. N kò rántí adùn rẹ̀.

Òjò ti dá. Ẹ máa lọ sílé yín. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyí. Bí mo bá bu iyọ̀ kún un, kí ahọ́n yìí má mọ iyọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí kò ti mọ̀ ọ́n.